Pẹ́dà Agbábàtàmú fún Ẹrẹ̀ àti Yìnyín: Ìfiwéra Shimano SPD, Crankbrothers àti Time

Ẹni tó bá ń gun kẹ̀kẹ́ nínú igbó nígbà òtútù máa ń bá ìṣòro méjì pàdé, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì máa ń ṣe bí ẹni pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Ìṣòro kìíní ni ẹrẹ̀, èkejì ni yìnyín. Ẹnu pẹ́dà agbábàtàmú, ìyẹn pẹ́dà tó ń di abẹ́ bàtà mú kí ẹsẹ̀ má bàa yọ̀ kúrò, ni ẹrẹ̀ máa ń dí, nítorí náà pẹ́dà tó bá fún un láyè láti gba ibòmíràn jáde ni yóò borí rẹ̀. Yìnyín kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ pẹ́dà lẹ́nu. Abẹ́ bàtà ni ó máa ń há sí, ìwúwo ara wa yóò sì máa tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi di omi dídì líle tí èékánná kò lè họ kúrò. Bí a kò bá ya ìṣòro méjèèjì yìí sọ́tọ̀ kí a tó wọ ilé ìtajà, a lè ná owó gọbọi lórí pẹ́dà nígbà tó jẹ́ pé bàtà ni ó yẹ kí á pààrọ̀.

Àwọn tí mo ní lọ́kàn bí mo ṣe ń kọ èyí ni àwọn ọmọ wa tó ń gbé níbi tí òtútù ti ń mú gidigidi: àwọn tó wà ní London tí wọ́n máa ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí igbó Epping lópin ọ̀sẹ̀, níbi tí amọ̀ ti ń lẹ̀ mọ́ táyà bí àmàlà ṣe ń lẹ̀ mọ́ orógùn, àti àwọn tó wà ní Minneapolis, tí yìnyín kì í kúrò nílẹ̀ fún oṣù bíi mélòó kan. Ohun tó dára fún àwọn ti ìṣáájú lè máà dára fún àwọn ti ìkẹyìn, kódà bí wọ́n bá ra kẹ̀kẹ́ kan náà.

Bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́

Pẹ́dà agbábàtàmú pín sí apá méjì. Èkíní ni ara pẹ́dà, tó ní ẹnu tí sípíríìngì ń dì mú. Èkejì ni kílíìtì, ìyẹn irin pẹlẹbẹ kékeré tí a fi bóòtù méjì dè mọ́ abẹ́ bàtà. Bí a bá fi iwájú ẹsẹ̀ tẹ kílíìtì wọ ẹnu pẹ́dà, ẹnu náà yóò là, yóò sì pa dé padà pẹ̀lú ìró tí etí máa ń gbọ́. Bí a bá fẹ́ jáde, a ó yí gìgísẹ̀ síta, ẹsẹ̀ yóò sì já.

Look, iléeṣẹ́ ilẹ̀ Faransé tó ti ń ṣe ìdè bàtà fún àwọn tó ń yọ̀ lórí yìnyín, ni ó mú ọgbọ́n yìí wọ inú kẹ̀kẹ́ eré ìje ní 1984, Bernard Hinault, ọmọ Faransé tó ń sáré ìje kẹ̀kẹ́, sì fi pẹ́dà wọn gba Tour de France, eré ìje kẹ̀kẹ́ ńlá ilẹ̀ Faransé, ní 1985. Ṣùgbọ́n pẹ́dà ti ojú títì ni ìyẹn. Kílíìtì rẹ̀ tóbi, ó yọ síta lábẹ́ bàtà, ẹni tó bá sì fi í rìn nínú ẹrẹ̀ fún ìgbésẹ̀ mẹ́ta péré yóò rí i pé bàtà òun kò lè wọ pẹ́dà mọ́. Ẹ má ṣe rò ó rárá fún ohun tí à ń sọ níhìn-ín. Ní 1990 ni Shimano, iléeṣẹ́ ilẹ̀ Japan, gbé SPD (Shimano Pedaling Dynamics) jáde, pẹ̀lú kílíìtì kékeré tó sá sínú kòtò kan lábẹ́ bàtà, tí ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ nínú igbó fi lè sọ̀ kalẹ̀, kí ó gbé kẹ̀kẹ́ fo igi tó wó, kí ó sì máa rìn lọ láìyọ̀ ṣubú.

Ẹ̀yà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí mo fẹ́ fi wéra, Shimano SPD, Crankbrothers àti Time ATAC, ló ń lo ihò bóòtù méjì kan náà lábẹ́ bàtà, nítorí náà bàtà kan ṣoṣo lè bá gbogbo wọn lọ. Kílíìtì wọn ni kò bá ara wọn mu: ti Shimano kò ní wọ ẹnu Crankbrothers, ti Time kò sì ní wọ ẹnu Shimano. Ẹni tó bá ní kẹ̀kẹ́ méjì nílé gbọ́dọ̀ ro èyí dáadáa, torí pé kò sẹ́ni tó ń fẹ́ tú bóòtù lábẹ́ bàtà ní gbogbo òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé.

Shimano SPD

SPD ni ọ̀pọ̀ ilé ìtajà kẹ̀kẹ́ kọ́kọ́ máa ń gbé kalẹ̀ fún ẹni tó bá béèrè, wọ́n sì rí ìdí fún un. PD-M520, tó wà lára àwọn tí owó wọn kò ga, wọn 380 gíráàmù fún méjèèjì. PD-M8100 ti ẹ̀yà XT wọn 342, PD-M9100 ti ẹ̀yà XTR sì wọn 310. Owó tí a ń fi kún un bí a ṣe ń gòkè ń ra ìfúyẹ́ àti iṣẹ́ ọwọ́ tó gún régé sí i, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ẹnu pẹ́dà gbà ń ṣiṣẹ́ kò yàtọ̀. Kílíìtì kan náà ni gbogbo wọn ń lò. Nítorí èyí, mi ò rí ìdí tí ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ fi gbọ́dọ̀ kọjá M520.

Agbára SPD wà nínú pípẹ́ rẹ̀. Irin ni kílíìtì rẹ̀, kì í tètè jẹ. Bọ́ọ̀lù irin kéékèèké ni ó wà nínú rẹ̀ tí ọ̀pá àárín pẹ́dà ń yí lé lórí, a sì lè tú u, kí a fọ̀ ọ́, kí a fi gíríìsì tuntun sí i, kí ó padà sẹ́nu iṣẹ́ fún ọdún púpọ̀. Àǹfààní mìíràn tún wà níbẹ̀: ìdè kékeré kan wà lẹ́yìn ẹnu pẹ́dà tí a lè fi sípánà onígun mẹ́fà ti mìlímítà 3 yí, láti pinnu bí sípíríìngì yóò ṣe le tó. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà lè tú u títí yóò fi rọ̀. Ẹni tó ń sáré ìje lè dè é kí ó le.

Kílíìtì náà sì ní oríṣi méjì tó yẹ kí ẹ mọ̀. SM-SH51, tó dúdú, kì í tú bàtà sílẹ̀ àfi bí a bá yí gìgísẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. SM-SH56, tó ní àwọ̀ fàdákà, máa ń tú u sílẹ̀ láti apá púpọ̀, títí kan ìgbà tí a bá fa ẹsẹ̀ sókè pẹ̀lú agbára. Ó dára gan-an fún akẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n nínú ẹrẹ̀ tó jìn, níbi tí a ti ní láti fa ẹsẹ̀ sókè kí kẹ̀kẹ́ má bàa dúró, SH56 lè jẹ́ kí ẹsẹ̀ já nígbà tí a kò retí, nítorí náà ẹni tó bá ti mọ́ lára yóò ṣe dáadáa láti kọjá sí SH51.

Àléébù rẹ̀ hàn bí ẹ bá gbé pẹ́dà náà sójú kòrókòró. Ìsàlẹ̀ ẹnu rẹ̀ súnmọ́ ara pẹ́dà pẹ́kípẹ́kí, apá ẹ̀yìn nìkan ni sípíríìngì ń mú rìn, àyè tó wà láàárín rẹ̀ kò sì pọ̀. Bí amọ̀ bá ti wọ ibẹ̀, tí kílíìtì tún gbé amọ̀ tirẹ̀ wá, amọ̀ méjèèjì yóò pàdé, wọn kò sì ní ibi tí wọn yóò gbà jáde. Ẹ ó tẹ ẹsẹ̀, kò ní wọlé. Ẹ ó tún tẹ̀ ẹ́, yóò yọ̀ kúrò. Ohun tó ń ṣe ìrànwọ́ ni pé kí a fi iwájú bàtà gbá pẹ́dà lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì kí ó lè yí, kí ẹrẹ̀ jábọ́, kí a sì tú sípíríìngì díẹ̀ ṣáájú ọjọ́ tí a mọ̀ pé ilẹ̀ yóò tutù. Nínú ẹrẹ̀ tó ṣàn bí omi, SPD kò ní wàhálà kankan. Amọ̀ tó ki, tó sì ń lẹ̀, ni kò bá a rẹ́.

Ẹlòmíràn yóò sọ pé àwọn tó ń sáré cyclocross, ìyẹn eré ìje kẹ̀kẹ́ nínú pápá ẹlẹ́rẹ̀, ní Belgium ń lo SPD nínú ẹrẹ̀ tó burú ju ti wa lọ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n nǹkan bíi wákàtí kan ni eré ìje wọn máa ń gbà, wọ́n sì máa ń pààrọ̀ kẹ̀kẹ́ níbi tí a yà sọ́tọ̀ fún un, tí àwọn tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe yóò ti fi omi ẹ̀rọ alágbára fọ èkejì kí wọ́n tó yí dé. Àwa kò ní ẹni tó ń fọ kẹ̀kẹ́ dè wá nínú igbó.

Crankbrothers

Eggbeater tí iléeṣẹ́ Crankbrothers ní California gbé jáde ní 2001 ni ó wá ìdáhùn sí ọ̀ràn ẹrẹ̀ ní tààràtà. Bí ẹ bá mú un lọ́wọ́, ẹ ó rí i pé kò ní ara kankan: ọ̀pá àárín ni, àti apá irin tó dábùú ara wọn yí i ká, pẹ̀lú sípíríìngì tó lọ́ mọ́ ọ̀pá náà. Ojú mẹ́rin ni ó ní, gbogbo wọn ló sì lè gbá bàtà mú, nítorí náà ibikíbi tí pẹ́dà bá yí sí nígbà tí ẹsẹ̀ dé, ó ṣeé ṣe kí ó wọlé. Ẹrẹ̀ kò rí ibi dúró sí. Bí kílíìtì bá ṣe ń wọlé ni yóò máa ti ẹrẹ̀ gba àárín àwọn apá náà kọjá bọ́ sílẹ̀. Nínú amọ̀ tó ki, mi ò tíì rí pẹ́dà tó tún lè gbá bàtà mú kíákíá bí èyí. Ó tún fúyẹ́: Eggbeater 3 wọn nǹkan bí 280 gíráàmù fún méjèèjì, Eggbeater 11, tí ó wọ́n gan-an, sì wọn 179.

Àwọn ohun tí a fi ń san gbèsè ìrọ̀rùn yìí kò kéré. Idẹ ni wọ́n fi ṣe kílíìtì rẹ̀, idẹ sì rọ̀ ju irin lọ. A dìídì ṣe é bẹ́ẹ̀ kí kílíìtì lè jẹ dípò pẹ́dà, ṣùgbọ́n ẹni tó ń rìn lórí òkúta púpọ̀ yóò máa ra kílíìtì léraléra. Kò sí ìdè tí a lè fi mú sípíríìngì le tàbí kí ó rọ̀. Ohun kan ṣoṣo tí a lè yí padà ni ìwọ̀n tí gìgísẹ̀ yóò yí kí bàtà tó já, dígírì 15 tàbí 20, èyí tí a ń ṣe nípa pípààrọ̀ kílíìtì ẹsẹ̀ ọ̀tún sí ti òsì. Ẹ wo ìwé tó bá a wá dáadáa kí ẹ tó dè é. Bí Eggbeater bá sì gbá òkúta tàbí gbòǹgbò igi, apá rẹ̀ tó wà lóde pátápátá lè yí, kí ó sì tú ẹsẹ̀ sílẹ̀ lójijì.

Ewu mìíràn ni pé bí ẹsẹ̀ kò bá tíì wọlé, kò sí ibi tí àtẹ́lẹ̀ bàtà yóò dúró sí. Lórí òkè tó ga, níbi tí ẹ ti gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wa kẹ̀kẹ́ kí ẹ tó ríbi wọlé, èyí ń dáni lágara. Candy fi ara kékeré yí ẹnu kan náà ká, Mallet sì fi èyí tó gbòòrò pẹ̀lú ìdè ṣóńṣó tó ń di bàtà mú. Candy ni mo máa ń dábàá fún ẹni tó bá fẹ́ràn ọ̀nà Crankbrothers ṣùgbọ́n tí kì í sáré ìje. Ó máa ń gba ẹrẹ̀ díẹ̀ sára ju Eggbeater lọ, àmọ́ ibùdúró tó fún ẹsẹ̀ tó ohun tí a fi san án.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí àwọn tó ń tajà kì í sábà sọ. Bí eyín abẹ́ bàtà yín bá ga jù, wọn yóò ti pẹ́dà sẹ́yìn, kílíìtì kò sì ní wọlé tán. Ẹ lè rò pé ẹrẹ̀ ni, kí ó jẹ́ pé bàtà ni. Pẹlẹbẹ tín-ínrín kan wà tí a ń fi sáàárín kílíìtì àti bàtà láti gbé e sókè díẹ̀. Ẹ dán an wò nílé, lórí ilẹ̀ gbígbẹ, kí ẹ tó dá pẹ́dà lẹ́bi.

Time ATAC

Time, tó bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé, tí SRAM, iléeṣẹ́ ohun èlò kẹ̀kẹ́ ti Amẹ́ríkà, sì ra iṣẹ́ pẹ́dà rẹ̀ ní 2021, ni àwọn ènìyàn mọ̀ kéré jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èmi sì rò pé òun ni ó yẹ kí a máa mẹ́nu bà jù. Ojú méjì ni ó ní bíi ti SPD. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ni pé apá irin iwájú àti ti ẹ̀yìn ló ń rìn, kì í ṣe ti ẹ̀yìn nìkan, àárín wọn sì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Bí kílíìtì bá ń tẹ̀ wọlé, yóò máa ti ẹrẹ̀ jáde lábẹ́ rẹ̀. Kò yára wọlé tó Eggbeater ní ojú mẹ́rin rẹ̀, ṣùgbọ́n nínú amọ̀ ó ju SPD lọ dáadáa, ó sì fún ẹsẹ̀ ní ibùdúró tí Eggbeater kò ní.

Ìdí kejì tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ ni orúnkún. Ẹsẹ̀ lè yí díẹ̀ sọ́tùn-ún àti sósì nínú pẹ́dà náà, tó dígírì 5 ní apá kọ̀ọ̀kan, láìjẹ́ pé ó já. Nígbà òtútù, tí iṣan kò tètè gbóná, tí kẹ̀kẹ́ sì ń yọ̀ lábẹ́ wa ní gbogbo ìgbà, àyè yìí máa ń mú ara tu ẹni tí orúnkún rẹ̀ ti ń dun tẹ́lẹ̀. Bíi ti Crankbrothers, idẹ ni kílíìtì rẹ̀, a sì lè pààrọ̀ ọ̀tún sí òsì kí ó lè máa já ní dígírì 13 tàbí 17.

Àléébù rẹ̀ kò jinlẹ̀: kílíìtì rẹ̀ kì í sí ní gbogbo ilé ìtajà. Bí ti Shimano bá bàjẹ́ lọ́wọ́ yín ní ìlú tí ẹ kò dé rí, ó ṣeé ṣe kí ẹ rí òmíràn rà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ti Time, ẹ máa ní méjì nípamọ́.

Nígbà tí yìnyín bá dé

Níhìn-ín ni ìfiwéra pẹ́dà ti ń dín kù, tí ọ̀rọ̀ bàtà ń gba iwájú. Pẹ́dà tó ṣí sílẹ̀, ìyẹn Eggbeater àti Time, ṣì sàn ju SPD lọ nínú yìnyín tó tutù tó sì ń lẹ̀, torí pé yìnyín tí a tẹ̀ mọ́ inú ẹnu SPD máa ń dì síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ rìn, yìnyín yóò kún kòtò tí kílíìtì wà nínú rẹ̀, ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan yóò sì máa fún un pọ̀ títí yóò fi bo irin náà mọ́lẹ̀. Kò sí pẹ́dà tó lè mú kílíìtì tí kò rí.

Ohun mẹ́ta ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ fi òróró sílíkónì fọ́n kílíìtì, kòtò rẹ̀ àti ẹnu pẹ́dà kí ẹ tó jáde, kí omi má bàa rí ibi lẹ̀ mọ́. Ẹ sọ ọ́ di àṣà láti máa fi ẹsẹ̀ kan náà tẹ ilẹ̀ nígbà gbogbo tí ẹ bá dúró, kí ẹsẹ̀ kejì máa wà nínú pẹ́dà. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni ẹ ó máa tún ṣe. Kí ẹ tó gùn padà, ẹ fi abẹ́ bàtà fa ẹ̀gbẹ́ pẹ́dà láti iwájú sí ẹ̀yìn, tàbí kí ẹ gbá a mọ́ ìdí igi, kí ohun tó há síbẹ̀ já kí ó tó dì.

Òtútù fúnra rẹ̀ tún wà. Kílíìtì àti bóòtù rẹ̀ jẹ́ irin, wọ́n sì wà ní tààrà lábẹ́ iwájú ẹsẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń fa ooru ara jáde sínú afẹ́fẹ́. Ní òwúrọ̀ Minneapolis tó tutù tó dígírì 20 sísàlẹ̀ òdo, ọmọ ìka ẹsẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ sọ fún yín. Bàtà òtútù bíi Wölvhammer ti iléeṣẹ́ 45NRTH, tó ní ihò bóòtù méjì fún kílíìtì, ń dín èyí kù. Ẹni tí kò ní owó rẹ̀ lè fi téèpù bo orí bóòtù nínú bàtà, kí ó tẹ́ ìtẹ́lẹ̀ onírun lé e, kí ó sì ra bàtà tó tóbi díẹ̀ kí ibọ̀sẹ̀ nípọn lè wọ̀ ọ́ láìfún ẹsẹ̀. Bàtà tó fún mọ́ ẹsẹ̀ tutù ju èyí tí kò ní ìtẹ́lẹ̀ lọ.

Ibì kan wà tí mo gbà pé ó yẹ kí a fi pẹ́dà agbábàtàmú sílẹ̀ pátápátá. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ nínú eré ìje Iditarod Trail Invitational ní Alaska, tí ọ̀nà rẹ̀ tó 350 máìlì dé McGrath tí ó sì tó 1,000 dé Nome, ń lo pẹ́dà pẹlẹbẹ pẹ̀lú bàtà ńlá, nítorí pé wọn yóò ti kẹ̀kẹ́ rìn fún wákàtí púpọ̀, ẹsẹ̀ tó bá sì dì níbẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Bí ìrìn yín bá ní títì kẹ̀kẹ́ ju gígùn lọ, ẹ ṣe bíi tiwọn.

Èwo ni kí ẹ mú?

Ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ nínú Epping tàbí igbó mìíràn tó ní amọ̀, tí kì í rí yìnyín ju ọjọ́ díẹ̀ lọ lọ́dún, kí ó mú Time. Bí ó bá ń sáré ìje, tó ń sọ̀ kalẹ̀ tó sì ń gùn padà léraléra, Eggbeater ni. Ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́ ní ojú títì lójoojúmọ́, tó ń wọ inú igbó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tí kò sì fẹ́ máa ronú nípa kílíìtì, kí ó ra SPD M520 pẹ̀lú SH56, kí ó fara da amọ̀ ní ọjọ́ tó bá burú. Ẹni tó wà níbi tí yìnyín ti ń jọba, kí ó kọ́kọ́ ná owó rẹ̀ lórí bàtà. Lẹ́yìn náà Time tàbí Candy yóò bá a mu, pẹ̀lú pẹ́dà pẹlẹbẹ nípamọ́ fún àwọn ọjọ́ tó le jù.

Bí ẹ bá fẹ́ dè é fúnra yín, ẹ rántí pé pẹ́dà apá òsì ń yí sí òdìkejì: a ń yí i sọ́wọ́ òsì kí ó lè le, a sì ń yí i sọ́wọ́ ọ̀tún kí ó lè tú. Ẹ fi gíríìsì sí eyín ọ̀pá rẹ̀ tí a ń yí wọlé kí ẹ tó dè é, kí ẹ sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún bóòtù kílíìtì ṣáájú òtútù, torí pé iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì ní Britain àti Minnesota máa ń mú kí wọ́n dípẹtà mọ́ra débi pé ẹ̀rọ líluhò nìkan ni yóò yọ wọ́n. Ẹ fi gègé sàmì sí ibi tí kílíìtì wà lábẹ́ bàtà, kí ẹ lè dá tuntun padà síbẹ̀ gan-an nígbà tí ti àtijọ́ bá jẹ tán.